Èso Sísè Nínú Ilé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Òbí àti Ọ̀dọ́

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ la fẹ́ bá yín sọ lónìí. Bí ẹnì kan nínú ilé bá ní kòkòrò HIV, wàhálà méjì ló sábà máa ń wà nídìí oúnjẹ. Èkíní, bí ara onítọ̀hún kò bá yá, ó lè máà lè jẹun: ẹnu ń ta á, ọ̀fun ń dùn ún, òórùn ọbẹ̀ lásán ń fẹ́ mú un bì. Èkejì, àwọn tó kù nínú ilé lè máa bẹ̀rù láti bá a jẹun. Èso sísè jẹ́ oúnjẹ kékeré tí kò náni lówó púpọ̀, tó sì lè ràn yín lọ́wọ́ nínú méjèèjì. Ẹ kà á, ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò, kí ẹ sì fún aládùúgbò yín náà kà.

ÌBÉÈRÈ: Kí ni èso sísè? Ṣé kì í ṣe oúnjẹ òyìnbó nìyẹn?

ÌDÁHÙN: Èso tó pọ́n la máa bó, tí a máa gé wẹ́wẹ́, tí a máa fi omi díẹ̀ sè lórí iná jẹ́jẹ́ títí ó fi máa rọ̀. Kì í ṣe jáàmù, torí kò gba ṣúgà rẹpẹtẹ. Kì í sì í ṣe omi èso inú páálí, torí èso náà fúnra rẹ̀ la máa jẹ, àti omi tó sè sí.

Òótọ́ ni pé tútù la mọ̀ ọ́n jẹ. Àwọn kan á tiẹ̀ ní, "Ohun tí oòrùn ti sè sórí igi, kí la tún fẹ́ fi iná ṣe sí i?" Ṣùgbọ́n oúnjẹ rírọ̀ tó dùn kì í ṣe àjèjì ní àdúgbò wa. Ẹ̀yin ọmọ Àgùdà tí àwọn baba ńlá yín ti Brazil dé, ẹ mọ fùréjọ̀n tí à ń jẹ ní ọjọ́ Ẹtì Rere, kí Àjíǹde tó dé: ẹ̀wà tí a lọ̀ kúnná, tí a sì fi omi àgbọn sè. Ní Brazil lọ́hùn-ún náà, wọ́n máa ń fi ṣúgà se ìbẹ́pẹ jẹ. Nítorí náà, ẹ má wò ó bí oúnjẹ àwọn ẹlòmíì.

ÌBÉÈRÈ: Kí ni àǹfààní rẹ̀ fún ẹni tó ní HIV?

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ èyí: kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní HIV ló ń ṣàìsàn. Ẹni tó bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé lè jẹ ẹ̀bà, iyán, ìrẹsì àti èso tútù bíi gbogbo wa. Kò nílò oúnjẹ ọ̀tọ̀.

Àmọ́ HIV máa ń pa àwọn sójà inú ara, ìyẹn àwọn tó ń bá àìsàn jà. Bí ẹnì kan kò bá tètè mọ̀ pé òun ní i, tàbí tó pa oògùn rẹ̀ tì, àwọn àìsàn kéékèèké á ráyè wọlé. Nǹkan funfun bíi wàrà lè bo ahọ́n rẹ̀. Egbò lè wà lẹ́nu àti lọ́nà ọ̀fun. Ìgbẹ́ gbuuru lè máa yọ ọ́ lẹ́nu. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á máa sá fún oúnjẹ, á sì máa rù. Ibẹ̀ ni èso sísè ti wúlò:

– Ó rọ̀, kò gba jíjẹ lẹ́nu púpọ̀, ó sì rọrùn láti gbé mì.
– Kò ní òórùn tó le bíi ti ọbẹ̀ díndín.
– Ó ń fún ara lómi àti okun. Ìbẹ́pẹ àti máńgòrò tún ní èròjà tí ara fi ń ṣe fítámì A.
– Iná máa ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò ìgbẹ́ gbuuru tó lè lẹ̀ mọ́ èso láti ọjà.

Ní ọdún 2002, àjọ FAO àti àjọ ìlera àgbáyé WHO jọ gbé ìwé kan jáde lórí bí ó ṣe yẹ kí ẹni tó ní HIV máa jẹun. Ìmọ̀ràn ibẹ̀ fún ẹni tí ẹnu ń dùn ni oúnjẹ rírọ̀, oúnjẹ gígún àti oúnjẹ olómi.

Ohun kan wà tí iná máa ń gbà o. Fítámì C máa ń dín kù bí a bá se èso. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí omi rẹ̀ mọ níwọ̀n, kó má pẹ́ lórí iná, kí a má sì da omi rẹ̀ nù. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ dá ṣáṣá, kó máa jẹ èso tútù tí a fọ̀ dáadáa. Ẹni tí kò lè jẹ tútù la ń sè é fún.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní èso àti àgbo lè wo HIV sàn. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Irọ́ ni. Kò sí èso, kò sí àgbo, kò sí omi àdúrà tó ń lé HIV kúrò lára. Ẹ má dá ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ lóhùn, pàápàá tó bá ní kí ẹ má lo oògùn ilé ìwòsàn mọ́. Àwọn àgbo kan tiẹ̀ wà tí kì í jẹ́ kí oògùn ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá ń mu àgbo, ẹ sọ fún dókítà tàbí nọ́ọ̀sì yín.

Tẹ́lẹ̀, "àrùn kògbóògùn" la máa ń pè é. Orúkọ yẹn ti dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ èèyàn débi pé wọn ò lọ sílé ìwòsàn. Lóòótọ́, a kò tíì rí oògùn tó ń lé e kúrò pátápátá, ṣùgbọ́n oògùn tó ń so ó mọ́lẹ̀ wà. Ní ọdún 2002 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò oògùn náà ní Nàìjíríà. Nígbà yẹn, 1,000 náírà ni aláìsàn ń san lóṣù. Láti ọdún 2006, wọ́n sọ oògùn náà di ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba. Lónìí, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò lò ju hóró kan ṣoṣo lọ lójúmọ́. Láti ọdún 2015 ni WHO ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá rí HIV lára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn, kó má dúró dìgbà tí ara bá sú.

Ẹni tó ń lo oògùn náà déédéé, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé kòkòrò náà ti kéré débi pé ẹ̀rọ ò rí i mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò lè kó o ran ẹnì kejì nípa ìbálòpọ̀. Oògùn ló ń ṣe èyí. Iṣẹ́ oúnjẹ ni pé kó fún ara lókun.

ÌBÉÈRÈ: Èso wo la lè sè?

ÌDÁHÙN: Èyí tó bá wà lọ́jà. Ìbẹ́pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó sábà máa ń wà jálẹ̀ ọdún. Máńgòrò máa ń pọ̀ láti bí oṣù kẹta sí oṣù kẹfà. Gúáfà dára, ṣùgbọ́n ẹ sẹ́ kóró rẹ̀ kúrò. Ápù náà ṣeé sè, àmọ́ òkèèrè ló ti ń wá, ó sì wọ́n. Kò pọn dandan kí ẹ ra ápù; ìbẹ́pẹ ilé wa tó, ó sì ṣẹ́kù.

Bí ẹ bá ń rà á ní Òkè-Àrín, ní Sandgrouse tàbí lọ́wọ́ àwọn tó ń ti bárò kiri ní ọ̀nà Igbóṣere, ẹ kíyè sí nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, ẹ ra odindi. Èso tí wọ́n ti gé sínú ọ̀rá láti àárọ̀, ẹ ò mọ omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́. Èkejì, ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n fi kábáìdì àwọn wẹ́dà mú pọ́n. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ lórí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, torí ó lè ní májèlé nínú, iná kì í sì í pa irú májèlé bẹ́ẹ̀. Èso bẹ́ẹ̀ lè pupa rẹ́súrẹ́sú lẹ́yìn, kí inú rẹ̀ ṣì le, kó má sì ní òórùn èso. Ohun tó dáa ni pé kí ẹ ra èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, kí ẹ jẹ́ kó parí pípọ́n rẹ̀ nílé.

ÌBÉÈRÈ: Báwo la ṣe ń sè é?

ÌDÁHÙN: Èyí tó máa tó èèyàn 3 tàbí 4 nìyí. Ẹ wá ìdajì ìbẹ́pẹ tó pọ́n dáadáa, ìdá mẹ́rin ọ̀pẹ̀ òyìnbó kékeré kan, ìdajì ife omi tó mọ́, àti kànáfùrù 2 bí ẹ bá fẹ́ kó ta sánsán.

1. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ọ̀bẹ àti pátákó tí ẹ máa fi gé e. Pátákó tí ẹ fi gé ẹran tútù, ẹ má fi gé èso láìfọ̀ ọ́.
2. Ẹ fi omi tó mọ́ fọ èso náà kí ẹ tó bó o. Bí ẹ bá bó o kí ẹ tó fọ̀ ọ́, ọ̀bẹ á ti gbé ìdọ̀tí ẹ̀yìn rẹ̀ wọ inú.
3. Ẹ bó o, ẹ yọ kóró ìbẹ́pẹ, ẹ yọ ojú àti igi àárín ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Ẹ gé wọn kéékèèké, kí wọ́n rí bákan náà.
4. Ẹ lo ìkòkò tánganran tàbí irin tí kì í dípẹtà. Èso tó kan kì í bá ìkòkò alumíníọ̀mù ṣe dáadáa.
5. Ẹ kọ́kọ́ da ọ̀pẹ̀ òyìnbó, omi àti kànáfùrù sí i. Ẹ dé e, ẹ jẹ́ kó hó jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 10.
6. Ẹ da ìbẹ́pẹ sí i, ẹ tún dé e fún ìṣẹ́jú 5 sí 8. Bí ṣíbí bá ti ń wọ inú rẹ̀ láìfi agbára tì í, ó ti jinná.
7. Ẹ yọ kànáfùrù kúrò, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tutù díẹ̀.

Bí ẹ bá ń lo máńgòrò, ìṣẹ́jú 8 sí 10 ti tó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò gbà ju 3 tàbí 4 lọ, torí náà òun ni kó kẹ́yìn.

Àwọn kan mọ̀ pé ọ̀pẹ̀ òyìnbó tútù máa ń ta wọ́n lára ahọ́n. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ ẹran ara. Bó bá ti jinná, agbára èròjà yẹn á tán. Ṣùgbọ́n kíkan rẹ̀ kò tán o.

ÌBÉÈRÈ: Ẹnu ń dùn ún gan-an, tàbí ó ń yàgbẹ́ gbuuru. Kí la máa yí padà?

ÌDÁHÙN:
Bí egbò bá wà lẹ́nu: ẹ yọ ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ọsàn wẹ́wẹ́ àti atalẹ̀ kúrò. Ìbẹ́pẹ tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ni kí ẹ sè. Ẹ fi ṣíbí gún un kúnná, kó tutù kí ẹ tó gbé e fún un. Bí ṣíbí bá ń dùn ún, ẹ jẹ́ kó fi sítírọ́ọ̀ fà á tàbí kó mu ún nínú ife.

Bí èébì bá ń gbé e: ẹ fún un díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀marùn-ún tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́fà lóòjọ́, dípò àwo ńlá kan. Atalẹ̀ kékeré nínú rẹ̀ lè ṣèrànwọ́, bí kò bá sí egbò.

Bí ó bá ń yàgbẹ́ gbuuru: ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè dára, kí ẹ má fi ṣúgà sí i. Ṣùgbọ́n omi oníyọ̀ àti ṣúgà, ìyẹn ORS, ló ṣe pàtàkì jù. Èso kò lè dípò rẹ̀.

Bó bá ń rù: èso nìkan kò lè gbé ẹran ara ró. Ẹ dà á sórí ògì gbígbóná, kí ẹ fi ẹ̀pà lílọ̀ tàbí mílíìkì sí i. Ẹ rántí ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja pẹ̀lú. Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ká fi ṣúgà tàbí oyin sí i?

ÌDÁHÙN: Èso tó pọ́n dùn fúnra rẹ̀. Bí nǹkan funfun bá wà lẹ́nu aláìsàn, ẹ má fi ṣúgà sí i rárá, torí ṣúgà máa ń bọ́ ohun tó fa nǹkan funfun náà. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, kó béèrè ìwọ̀n tó lè jẹ lọ́wọ́ dókítà rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1, ẹ ò gbọdọ̀ fún un ní oyin.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé a lè jọ jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan náà?

ÌDÁHÙN: Bẹ́ẹ̀ ni. Abọ́ kan náà, ṣíbí kan náà, ife kan náà. HIV kì í ran èèyàn nípa oúnjẹ, itọ́, òógùn, ìbọwọ́, ìdìmọ́ra tàbí ṣáláńgá tí a jọ ń lò. Ọ̀nà tó ń gbà ràn ni ìbálòpọ̀ láìsí ààbò, ẹ̀jẹ̀ (bíi abẹ́rẹ́ tàbí abẹ tí ẹlòmíì ti lò), àti láti ara ìyá sí ọmọ nínú oyún, nígbà ìbímọ tàbí nípa ọmú.

ÌBÉÈRÈ: Bí ẹni tó ní HIV bá fi ọ̀bẹ gé ọwọ́ níbi tó ti ń gé èso ńkọ́?

ÌDÁHÙN: Kó fọ ọwọ́ rẹ̀, kó dì í, kó fọ ọ̀bẹ náà. Èso tí ẹ̀jẹ̀ kán sí, ẹ dà á nù, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe máa dà á nù bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe torí ìbẹ̀rù. Kòkòrò náà kì í pẹ́ kú bó bá ti kúrò lára èèyàn, kò sì lè fara da iná. Ẹni tó ní HIV lè dáná fún gbogbo ilé, ó sì lè tajà oúnjẹ.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ ọdún 16 ni mí. Wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ó ní HIV. Láti ọjọ́ yẹn, ìyá wa ti ya abọ́ àti ṣíbí rẹ̀ sọ́tọ̀, òun nìkan ló ń jẹun lẹ́yìn ilé. Kò fẹ́ẹ́ jẹun mọ́. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ìwọ ọmọ wa, o ṣeun tó o béèrè. Má bá ìyá rẹ jà. Ìbẹ̀rù ló ń ṣe wọ́n, kì í ṣe ìkórìíra. Ka ìwé yìí sí wọn létí, tàbí kó o bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá ẹ̀gbọ́n rẹ dé ilé ìwòsàn, kí nọ́ọ̀sì bá wọn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, se èso yìí lọ́jọ́ kan. Bù ú sínú abọ́ kan ṣoṣo, kí ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ jọ jẹ ẹ́ níṣojú wọn. Má pariwo, má ṣàríyànjiyàn. Ìyá tó bá rí i pé ọmọ òun méjèèjì jẹun tán, tí nǹkan kan ò sì ṣe wọ́n, ọkàn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀.

Ohun kan tún kù: má sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ fún ọ̀rẹ́ tàbí ará àdúgbò. Òun ló ni àṣírí rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nídìí oúnjẹ lè má jẹun mọ́, ó sì lè má lo oògùn mọ́. Abọ́ tí ẹ yà sọ́tọ̀ kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni nínú ilé, àmọ́ ó lè pa ọmọ yín lára. Láti ọdún 2014, òfin ti wà ní Nàìjíríà tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fìyà jẹ èèyàn tàbí lé e níbi iṣẹ́ àti nílé ìwé nítorí HIV. Bí òfin bá ní kí àjèjì má ṣe é, ṣé ó wá yẹ kó wáyé nínú ilé tiwa?

ÌBÉÈRÈ: Ṣé a lè fún ọmọ ọwọ́?

ÌDÁHÙN: Kò tíì yá kó tó pé oṣù 6. Ọmú nìkan ni, kódà bí ìyá bá ní HIV, bó bá ṣáà ti ń lo oògùn rẹ̀, tí ọmọ náà sì ń gba oògùn tí ilé ìwòsàn fún un. Lẹ́yìn oṣù 6, ẹ lè fi ìbẹ́pẹ tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè tí a gún kúnná kún ọmú tó ń mu.

Àmọ́ ẹ má fi ẹnu jẹ oúnjẹ fún ọmọ kí ẹ tó fi sí i lẹ́nu. Àwọn ìyá àgbà kan ṣì máa ń ṣe é. Ní ọdún 2009, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa ọmọ 3 tó jọ pé ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà kó HIV, torí ẹ̀jẹ̀ láti inú erìgì lè dà pọ̀ mọ́ oúnjẹ náà. Kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀jẹ̀ ló sì fà á, kì í ṣe itọ́. Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ fi ẹnu jẹ, nígbà tí iná lè bá wa rọ̀ ọ́?

ÌBÉÈRÈ: Báwo la ṣe máa tọ́jú èyí tó kù, pẹ̀lú iná mànàmáná wa yìí?

ÌDÁHÙN: Ẹ se ìwọ̀n tí ẹ lè jẹ tán. Èso sísè kò gbọdọ̀ wà níta ju wákàtí 2 lọ. Bí fíríìjì yín bá ń tutù dáadáa, ó lè lo ọjọ́ 2 nínú ike tó ní ìdérí. Bí iná bá ti lọ tipẹ́, tó ti ń hó, tàbí tí òórùn rẹ̀ ti yí padà, ẹ dà á nù. Ẹ má fún ẹni tí ara rẹ̀ kò le ní oúnjẹ tí ẹ ń ṣiyè méjì sí.

ÌBÉÈRÈ: Ìgbà wo ló yẹ ká kúrò nídìí ìkòkò, ká lọ sílé ìwòsàn?

ÌDÁHÙN: Bí kò bá lè gbé omi pàápàá mì. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ju ọjọ́ 3 lọ, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀. Bí ibà kò bá lọ. Bó bá ń rù lójoojúmọ́. Nǹkan funfun ẹnu ní oògùn. Ẹ má retí kí èso wò ó. Bó bá sì ń bi oògùn HIV rẹ̀, ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ lọ sọ fún nọ́ọ̀sì.

Ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Odan kò jìnnà sí Igbóṣere. NIMR ní Yábàá àti LUTH ní Ìdí-Àràbà náà wà ńbẹ̀. Ìwọ ọ̀dọ́ tí o kò tíì ṣe àyẹ̀wò, lọ ṣe é. Kì í gba àsìkò. Bí kò bá sí lára rẹ, wàá mọ bí o ṣe máa dáàbò bo ara rẹ. Bó bá wà níbẹ̀, oògùn wà, ọ̀fẹ́ ni, ayé rẹ kò sì tíì parí.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbé ìkòkò kaná, kí ẹ pe gbogbo ọmọ sídìí abọ́ kan. Ìlera lọrọ̀ o.